Yàrá fíìtì 10 sí 12, pákó fíìtì 12: báwo lẹ ṣe ń to ṣọ́ọ̀bù káfíńtà sínú ilé?

ỌmọAkóbọ̀ (Sátidé, oṣù Kẹfà, 8:12 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, òní ni mo fẹ́ la ẹnu mi. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Akóbọ̀, Ìbàdàn, bọ́ìsì kọ́tà tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́ láti ọdún méjì. Fíìtì 10 sí 12 ni. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 33, ó ní fèrèsé kan lódìkejì ẹnu ọ̀nà, síméntì nílẹ̀, páànù lókè, kò sí síílì. Ìyàwó mi ti gbà pé kí n kó pàǹtí ibẹ̀ dànù kí n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tèmi. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe o, mi ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Ṣùgbọ́n mo ti kan àpótí ìwé méjì, mo sì kan àga kan tí àwọn ọmọ fi ń jẹun ní kíṣìnnì. (Àga náà ń mì. A ó dé orí ìyẹn.)

Mo ti tọ́jú owó díẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tí mo rí, láti ilẹ̀ Jámánì, tó ń rẹ́ pákó, tó ń fá a, tó tún ń lu ihò, gbogbo ẹ̀ lórí irin kan ṣoṣo. Ṣé kí n rà á? Bí n bá rà á, ibo ni kí n gbé e sí nínú yàrá yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

---

Ayùnmímú (8:20 àárọ̀)

Rà á! Kí lò ń dúró dè? Bí ẹlòmíràn bá rà á lọ́la, wàá wá máa sunkún níbí.

---

BàbáAlápákó (9:47 àárọ̀)

Ọmọ mi, má rà á. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú o. Mú téèpù, bá mi wọn nǹkan kan.

Pákó tí wọ́n ń tà ní Bódìjà, fíìtì 12 ni gígùn rẹ̀. Yàrá rẹ, fíìtì 12 náà ni níbi tó gùn jù. Bí o bá gbé ayùn kalẹ̀ láti la pákó yẹn ní òòró, odindi pákó ló máa wà níwájú ayùn kí o tó bẹ̀rẹ̀, odindi pákó náà ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí o bá parí. Fíìtì 12 níwájú, 12 lẹ́yìn, a ò tíì ka ibi tí ìwọ fúnra rẹ máa dúró sí. Pìláìwúùdù odindi ńkọ́, tó jẹ́ fíìtì 4 sí 8? Mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Ògiri lo máa fi ẹ̀rọ un rẹ́, ọmọ mi.

Nígbà tí mo gba fíríídọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Òkè-Àdó, ọdún 1981 nìyẹn, ohun tí mo ní ò ju ayùn méjì, pléènì kan, ṣísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, òòlù àti síkúwẹ̀ lọ. Àmọ́ bẹ́ǹṣì mi, tábìlì tí mo ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, géńdé mẹ́rin ní í gbé e. Ẹni tí kò ní bẹ́ǹṣì, àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń tẹ pákó mọ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni ayùn ti ń bá a.

Bẹ́ǹṣì ni kí o kọ́kọ́ kàn. Dìde dúró, bọ́ bàtà, ju ọwọ́ sílẹ̀ wọ̀rọ̀: ibi tí ọrùn ọwọ́ rẹ bá dé ni kí ojú bẹ́ǹṣì dé. Bó bá ga ju báun lọ, èjìká lo máa fi ti pléènì, ìrọ̀lẹ́ rẹ á mọ̀ ọ́n. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn. Bí o ò bá rí igi tó nípọn, lẹ 2 sí 4 méjì (pákó ínṣì 2 sí ínṣì 4) pọ̀ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ojú rẹ̀ tẹ́, kó tẹ́ dáadáa, torí ohunkóhun tí o bá kàn lórí ibi tó wọ́, wíwọ́ ló máa wọ́.

---

Ayùnmímú (10:05 àárọ̀)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́fà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, Sátidé nìkan ló ní. Ṣé pléènì ọwọ́ ló máa fi fá pákó fíìtì 12 títí oòrùn á fi wọ̀?

---

BàbáAlápákó (10:31 àárọ̀)

Ta ló ní kó fá a? Ibi tó ti ra pákó, ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n bá a là á, kí wọ́n bá a fá ojú méjèèjì, kí wọ́n gé e sí fíìtì mẹ́fà-mẹ́fà kó tó gbé e wálé. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀. Kó fi ínṣì kan kún gbogbo ìwọ̀n tó bá fún wọn, kó máa gé ìyókù nílé.

---

Ayùnmímú (10:38 àárọ̀)

Ìwọ̀n tí wọ́n bá fún ọ ní Bódìjà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. O sọ ínṣì 6, wọ́n á fún ẹ ní 5 àti ààbọ̀ ní ìdí kan, 6 àti díẹ̀ ní ìdí kejì. Mo ti dúró níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ di méjìlá rí nítorí ojú ayùn mẹ́ta péré.

---

Alábòójútó (11:15 àárọ̀)

Mo ti yọ ìpolówó tí ẹnì kan gbé síbí. Ẹ ta ọjà yín ní ibi ìtajà. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

---

Àǹtí_Onípákó (1:22 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì ọmọdé ní Mọ́kọ́lá, ọdún keje rèé. Ṣọ́ọ̀bù mi kéré ju ti ẹ̀gbọ́n Akóbọ̀ lọ: fíìtì 8 sí 11, àti fàráńdà kan tí a jọ ń lò pẹ̀lú àwọn ará ilé. Òótọ́ ni Bàbá sọ nípa pákó fíìtì 12, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ohun kan: ẹ̀gbọ́n ní ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní fèrèsé tó kọjú sí i.

Ẹ gbé ohun tí ẹ ó bá fi rẹ́ pákó sí ìlà kan náà pẹ̀lú ilẹ̀kùn yẹn. Kí orí rẹ̀ bá ìsàlẹ̀ fèrèsé dọ́gba bí ó bá ṣe é ṣe. Nígbà náà pákó gígùn lè ti òde wọlé láti ẹnu ọ̀nà, kó gba orí ayùn, kó yọ imú gba fèrèsé bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣé fèrèsé náà ní irin? Bó bá ní, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín irin sí irin. Tèmi fi ínṣì 5 gba pákó kọjá, ó tó mi lo. Àwọn ọmọ àdúgbò rò pé ilé ń yọ ahọ́n ni.

Ohun kejì: táyà. Gbogbo ohun tó wúwo nínú ṣọ́ọ̀bù mi ló ní táyà kéékèèké lábẹ́, irú èyí tó ní ohun tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ kó má yí mọ́. Bẹ́ǹṣì nìkan ni kò ní. Tí mo bá fẹ́ rẹ́ nǹkan, mo ti ẹ̀rọ ìlùhò sí igun. Tí mo bá fẹ́ lẹ nǹkan pọ̀, mo ti ayùn jáde pátápátá. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí gbogbo nǹkan ní ibùjókòó tirẹ̀ ní yàrá kékeré, òun fúnra rẹ̀ ni kò ní ríbi dúró.

Ohun kẹta, ògiri. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri wa ní Ìbàdàn, inú rẹ̀ sì ṣófo. Bí ẹ bá kan ìṣó mọ́ ọn láti gbé ayùn kọ́, ó di ọ̀la kí ẹ bá ayùn nílẹ̀ pẹ̀lú èékù ògiri. Ẹ lu ihò, ẹ ki fíṣà (ike tó ń di síkúrù mú) sí i, kí ẹ fi síkúrù gígùn de 2 sí 4 méjì mọ́ ògiri ní òòró, láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó parí: láti ìgbà náà lọ, pákó lẹ ń kan nǹkan mọ́, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù mọ́. Mo wá fi pákó pẹlẹbẹ kọjá lórí wọn ní ìbú, tí mo fi ayùn gẹ́ etí rẹ̀ òkè ní dígírì 45. Gbogbo àpótí irinṣẹ́ mi ní irú pákó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ti wọn dorí kodò. Ẹ kàn fi kọ́ ọ ni, ìwúwo rẹ̀ gan-an ló ń dì í mú, ọjọ́ tó bá wù yín ẹ gbé e kúrò. Ìṣó àti síkúrù, inú agolo mílíìkì ni mò ń kó wọn sí. Agolo kò náni ní nǹkan kan.

---

ỌmọAkóbọ̀ (2:10 ọ̀sán)

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Mo sáré lọ wọ̀n ọ́n: àlàfo irin fèrèsé, ínṣì 4 àti ààbọ̀. Bàbá, mo ti gbọ́, mi ò ra ẹ̀rọ Jámánì mọ́. Kí ni kí n wá rà?

---

Ayùnmímú (2:45 ọ̀sán)

Ó dáa, mo gbà. Mo fa ọ̀rọ̀ mi padà lórí ẹ̀rọ ńlá. Ra sákúlà ọlọ́wọ́, ayùn oníná róbótó tí a ń fi ọwọ́ dì mú, èyí tí abẹ rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 7 àti díẹ̀. Kò gba àyè, inú àpótí ló ń sùn. Ra abẹ méjì: eléyín 24 fún líla pákó, eléyín 60 fún pìláìwúùdù àti bọ́ọ̀dù, torí eléyín 24 máa ń fa etí wọn ya bí ẹni fi eyín já a.

Pìláìwúùdù odindi, má gbìyànjú láti gbé e wọ yàrá yẹn rárá. Tẹ́ 2 sí 4 mẹ́rin sílẹ̀ ní àgbàlá, gbé e lé e lórí, de pákó títọ́ kan mọ́ ọn pẹ̀lú kiráǹpù (irin tó ń fún pákó mọ́ra) méjì kí ayùn máa tọ etí rẹ̀ lọ. Kí ojú tó dára kọ sí ìsàlẹ̀, torí eyín sákúlà ọlọ́wọ́ ń gé láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè ni, òkè ló ti ń ya nǹkan. Ayùn ọwọ́ yàtọ̀, òun fẹ́ kí ojú dáradára wà lókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, wọ́n á ní pìláìwúùdù ni kò dára.

Kí o sì ra kiráǹpù. Iye tó o bá rò pé ó tó, kò tó.

---

Oníná_Mọ́níyà (5:33 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ti ń ra ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó béèrè iná. Ẹ̀gbọ́n Akóbọ̀, sákúlà tí wọ́n ń sọ yìí, wáàtì 1,200 sí 1,500 ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ń gbéra, ó máa fa ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀, "I better pass my neighbour", bíi wáàtì 650 ló lè gbé dúró. Á tan gílóòbù fún yín, á yí fáànù. Bí ẹ bá fi sákúlà sí i, méjèèjì á jọ kérora ni, wọ́n á sì jọ kú.

Ẹ fa wáyà 2.5 (bó ṣe nípọn tó nìyẹn) láti ibi búrékà wọ yàrá náà, kó ní búrékà tirẹ̀. Ẹ má fi ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń ṣaájì fóònù lo ẹ̀rọ. Iná tó bá gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé, mọ́tò á wá máa gbóná. Bó bá sì jẹ́ irú èyí tí a ká mọ́ nǹkan, ẹ tú u tán kí ẹ tó lò ó. Wáyà tó bá ká mọ́ra tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá lè yọ́. Síwíìṣì tí ó lè pa gbogbo yàrá, ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni kó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mò ń lọ irin nílé, wọ́n mú iná lọ. Mo bínú, mo gbé gíráńdà sórí tábìlì, mo bá lọ sùn. Mi ò pa síwíìṣì rẹ̀. Aago méjì òru ni iná dé. Gíráńdà gbéra fúnra rẹ̀, ó rìn lórí tábìlì, ó jábọ́, ó sì ń yí nílẹ̀ nínú òkùnkùn nígbà tí mo wọlé láìwọ bàtà. Ẹsẹ̀ mi yè, kápẹ́ẹ̀tì ni kò yè. Ní ìlú tiwa yìí, bí wọ́n bá mú iná lọ, síwíìṣì ẹ̀rọ ni kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó pariwo.

---

Àjàní_Agbowó (6:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ bi aládùúgbò yín léèrè o. Èmi bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ Sátidé kan, ìyá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, wọn ò sọ̀rọ̀ kankan, wọ́n kàn ń wò mí. Láti ìgbà náà, aago mẹ́wàá ni mo ń bẹ̀rẹ̀, mo sì kan àpótí ata fún wọn.

---

Tìṣà_Igbó (Sọ́ńdè, 3:40 ọ̀sán)

Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó ní Jẹ́ríkò, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa igi fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, arère ni kó fi kọ́wọ́. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, ó sì dára fún àpótí inú ilé àti àwọn nǹkan tí a fi ń tọ́ ayùn sọ́nà. Ṣùgbọ́n má fi í sí ibi tí omi tàbí ikán lè dé. Àfàrà náà rọrùn láti gbẹ́, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Bí o bá rí ihò wínníwínní àti ìyẹ̀fun lábẹ́ pákó tí o gbé pa mọ́, gbé e jáde kíá kó má ran àwọn yòókù. Ìdígbó le díẹ̀ jù wọ́n lọ. Apá ló dùn mọ́ mi jù, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò ṣe é sọ lójú ọmọdé. Tíìkì lọ́ràá nínú. Bí o bá fẹ́ fi gúlù lẹ̀ ẹ́, fi aṣọ tó tutù pẹ̀lú tínnà nu ojú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí o sì lẹ̀ ẹ́ láì pẹ́. Ìrókò dára, gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n òkúta funfun máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà míràn tó ń sọ ayùn dòkú, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì máa ń mú kí àyà ẹlòmíràn há, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ara rẹ̀ sì máa yún.

Ìyẹ̀fun pákó kì í ṣe ohun eré. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn láti 1995, inú imú ló sì máa ń mú. Aṣọ tí a dì mọ́ imú ò tó. Ra ìbòmú N95. Gbé fáànù sí ojú fèrèsé, kó kọjú síta kó máa fẹ́ ìyẹ̀fun jáde, kó má kọjú sí ọ. Bí o bá fẹ́ gbálẹ̀, wọ́n omi sílẹ̀ díẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi wá ni pé pákó tí ẹ ń rà, tútù ni. Oníṣòwò á sọ pé ó ti gbẹ. Gbé e wọlé, má tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí síméntì tàbí kí o fi ti ògiri. Ọ̀rinrin ń gòkè láti inú síméntì, ikán sì mọ ọ̀nà. Tò ó ní pẹlẹbẹ lórí búlọ́ọ̀kù, kí o ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ ínṣì kan sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè kọjá, kí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì wà lórí ara wọn ní ìlà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pákó á tẹ̀. Kun orí méjèèjì ní ọ̀dà tó bá ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, torí orí ló máa ń yára gbẹ tó sì ń là. Mú ọ̀kan nínú wọn, wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kọ ọ́ sára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti gbẹ tó bí yàrá yẹn ṣe lè gbẹ ẹ́.

Òjò la wà nínú ẹ̀ báyìí o. Ohun tó gbẹ ní oṣù Kẹfà, ọyẹ́ á tún gbẹ ẹ́ sí i ní oṣù Kejìlá. Igi kì í sún ní gígùn, ìbú ló ń sún. Bí o bá fi síkúrù kan ojú tábìlì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin ní ìbú báyìí, kò ní ríbi sún sí, á là. Fi ihò síkúrù ṣe gígùn díẹ̀ kó lè máa rìn.

---

BàbáAlápákó (4:15 ọ̀sán)

Tìṣà sọ̀rọ̀ dáadáa. Àwa ò mọ òṣùwọ̀n nígbà tiwa, a máa ń gbé pákó sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Bó bá tutù lára, ó tutù nínú. Fánìṣì náà, má kùn ún lọ́jọ́ òjò, á funfun bí ẹni da ògì sí i.

Àkísà tí ẹ bá fi kun òróró linseed sára pákó, ẹ má rún un jù sígun. Ó ń mú iná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí okùn níta kó gbẹ. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó jóná báun.

---

Ìyá_Ìbejì (4:50 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́, ta ló lè kan bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fún mi ní Apẹ̀tẹ̀?

---

Àǹtí_Onípákó (4:52 ọ̀sán)

Ìyá Ìbejì, ẹ kọ sí àpótí mi.

---

ỌmọAkóbọ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹsàn-án, 9:05 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Kíkó pàǹtí jáde gba Sátidé méjì. Mo rí kẹ̀kẹ́ tí mo gùn ní sẹ́kọ́ńdìrì níbẹ̀. Páànù jò níbi méjì, a tún un ṣe kí n tó gbé ohunkóhun wọlé. Mo fa wáyà 2.5, oníná tó fà á fẹ́ fi 1.5 ṣe é, ó ní "ọ̀kan náà ni," mo fi ọ̀rọ̀ Oníná_Mọ́níyà hàn án lórí fóònù, ó dákẹ́.

Bẹ́ǹṣì ti délẹ̀. Fíìtì 6 ní gígùn, ìdígbó ni ojú rẹ̀, 2 sí 4 tí mo lẹ̀ ni ẹsẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ pé igun rẹ̀ gún: mo wọn fíìtì 3 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 4 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sì wo àárín àmì méjèèjì bóyá ó jẹ́ 5 géérégé. Ó lé ní ìdajì ínṣì ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo tú u. Ìgbà kẹta ló gún. Bàbá, géńdé mẹ́ta ló gbé e o, kì í ṣe mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọ́n làágùn.

Mo gbé e sí ìlà ilẹ̀kùn sí fèrèsé gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti pákó fíìtì 12 kan gba ojú irin fèrèsé, adìyẹ aládùúgbò ló wà níwájú rẹ̀. Ó ti dariwo.

Mo ra sákúlà, abẹ méjì, kiráǹpù mẹ́rin. (Kò tó, lóòótọ́.) Irinṣẹ́ tó wà lára ògiri, mo fi bírò yí àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan po kí n lè mọ èyí tí àwọn ọmọ ti gbé lọ. Pléènì tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan ti dípẹtà. Mo fi sáńpépà há a lórí gíláàsì, ó ń dán báyìí, ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ pákó. Kí ni kí n ṣe sí i?

---

BàbáAlápákó (9:40 alẹ́)

Àbẹ́là. Fi àbẹ́là fa ìdí pléènì ní ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta, á máa yọ̀ bí ọṣẹ. Kò ní jẹ́ kó tètè dípẹtà náà. O káre, ọmọ mi. Ìgbà kẹta tí o tú u un, ibẹ̀ lo ti kọ́ṣẹ́.

---

Ayùnmímú (9:44 alẹ́)

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tiẹ̀, ó wá ku tiwa, àwa gbẹ́nugbẹ́nu. Fọ́tò dà?

---

ỌmọAkóbọ̀ (Sátidé, oṣù Kìíní, 7:58 àárọ̀)

Ẹ kú ọdún o. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dọ̀ wa. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí, ojú bẹ́ǹṣì ti là láti orí kan, tó fíìtì kan ní gígùn, bébà lè wọ inú rẹ̀. Mo gba wí: ní ìdí kan níbẹ̀, mo ti síkúrù pinpin, mi ò ṣe ihò gígùn, mo ní "bẹ́ǹṣì lásán ni." Ṣé kí n po gúlù mọ́ ìyẹ̀fun pákó kí n fi dí i?

---

Tìṣà_Igbó (8:30 àárọ̀)

Tú síkúrù yẹn lónìí, fẹ ihò rẹ̀. Má dí i. Bí òjò bá dé, igi á wú padà, bí ohun líle bá wà nínú ojú ìlà yẹn, á tì í ya síwájú sí i. Oṣù Kẹfà ni kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe kó pa ara rẹ̀ dé.

---

BàbáAlápákó (9:12 àárọ̀)

Báun ni. Bẹ́ǹṣì tèmi là ní 1983, ó ṣì wà. Àga tí o ní ó ń mì ńkọ́?

---

ỌmọAkóbọ̀ (9:20 àárọ̀)

Háà, Bàbá, ẹ rántí! Ó ṣì ń mì. Ní àná gan-an, ọbẹ̀ dà sí ọmọ mi lára lórí ẹ̀. Ẹsẹ̀ wo ni kí n gé?

---

BàbáAlápákó (9:26 àárọ̀)

Má tíì gé e. Gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ibi tó tẹ́. Ki ègé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ tó bá kúrú títí tí kò fi ní mì mọ́. Wá gbé pẹ́ńsùlù lé ègé pákó mìíràn tó nípọn díẹ̀, fi yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po. Ojú ìlà un ni kí o gé.

---

ỌmọAkóbọ̀ (10:03 àárọ̀)

Bàbá, mo ti gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Kò mì rárá. Mo tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo igun. Mo gbé e padà sí kíṣìnnì, ó ń mì.

---

Àǹtí_Onípákó (10:05 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ wá bíríkìlà.